Dírágónì Bọ̀ọ̀dá Mi Nínú Òfin Tuntun

Ó ti sú mi kí àwọn ará ẹsíteètì wa ní Sangotedo máa rò pé tẹ́tẹ́ la máa ń ta lọ́sàn-án Sátidé. Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi. Èèyàn bíi mẹ́rin á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, òun la ń pè ní olórí tábìlì: òun ló ń ṣe ìlú, òun ló ń ṣe ọ̀tá, òun náà ló ń ṣe òjò tí òjò bá máa rọ̀. Àwa yòókù, kálukú wa ní ẹ̀dá kan tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀, á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, a ó da dáìsì. Dáìsì ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ìwé òfin rẹ̀ nípọn, ó sì ní abala rẹpẹtẹ lórí àwọn ẹranko abàmì. Dírágónì lolórí wọn. Bí mo bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ẹni tó ń gbọ́ mi á ní, "Àǹtí, ẹ̀yin, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?" Bẹ́ẹ̀ ni o, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi.

Bọ̀ọ̀dá mi ló kó o ràn mí. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n, wọ́n sì fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ló fún wọn ní ìwé òfin àtijọ́ náà, wọ́n gbé e dé ilé bàbá wa ní Ajah, wọ́n sì pe èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa síbi tábìlì ìjẹun. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo hùmọ̀ obìnrin kan tó ń fi ewé wo ọgbẹ́, òun náà ni mò ń ṣe títí di òní. Inú ihò òkè ni ìwé fi dírágónì sí, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá mi ní kò sí òkè ní Ajah, kí la wá fẹ́ fi òkè ṣe. Wọ́n gbé dírágónì tiwọn sínú ọ̀sà, lápá Badore, níbi tí omi ti jìn. Kì í yọ iná. Ooru ló ń tu, bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó sí ojú ara rẹ̀. Wọ́n sì ṣe òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan: dírágónì yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ idà sí i kí ó tó kí i. Tí o bá kí i, á dá ọ lóhùn, ìjà á wá bẹ̀rẹ̀. Tí o ò bá kí i, ohun tí ojú rẹ bá rí, ìwọ lo fà á.

Ohùn tí Bọ̀ọ̀dá mi fi ń dá wa lóhùn nígbà náà, ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀. Nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun, ẹni tí kò bá lè pariwo kò lè ṣiṣẹ́, ohùn yẹn ni wọ́n sì gbé wálé. Tí dírágónì bá sọ̀rọ̀, ife á máa mì lórí tábìlì. Aládùúgbò wa kan wá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láti bá wa parí ìjà. Ìyá wa á ní, "Ẹ má bínú, eré ni wọ́n ń ṣe," ojú á sì máa ti ìyá wa.

Bí a ṣe ń dàgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó kù bá tiwọn lọ, èmi àti Bọ̀ọ̀dá mi ò fi í sílẹ̀. Èèyàn méjì ló wá kún wa. Ọ̀kan jẹ́ ẹnjiníà ní èbúté Ibeju-Lekki, tó máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì máa ń sùn lórí àga wa tí kò bá tíì kàn án. Èkejì jẹ́ télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan ní Ajah. Aṣọ ló gbé wá fún Bọ̀ọ̀dá mi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó ní òun á jókòó wò ó díẹ̀. Ọdún mẹ́jọ rèé, kò tíì dìde.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yọ sí Bọ̀ọ̀dá mi lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara wọn yá, àmọ́ ohùn tí wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn kọ́ ni wọ́n gbé jáde. Èyí tó kù há, ó sì lọ sílẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá sìmẹ́ǹtì. Dókítà ní kò sí ewu níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa lò ó, pé bí wọ́n bá ṣe ń lò ó tó ni á ṣe máa dáa sí i. Wọn ò lò ó. Ìyàwó wọn, tí mo máa ń pè ní ìyàwó mi nítorí pé ilé wa ló fẹ́, pè mí láti Badore pé láti àárọ̀ di alẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá ń fi orí dáhùn. Tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọn ò ní gbé e, tó bá yá, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ara mi le. Ẹ máa ṣeré yín lọ. Ẹ wá olórí tábìlì míì."

Mo bínú. Mi ò ní purọ́, mo máa ń tètè bínú, mo sì bínú sí wọn gan-an lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀ ìbínú náà. Ẹni tí mo mọ̀ ń dákẹ́ lọ lójú mi. Tí wọn ò bá padà síbi tábìlì yẹn, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n tún ti máa lanu sọ̀rọ̀ láyé yìí, nítorí pé yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnjiníà Ibeju-Lekki ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ti ra ìwé òfin tuntun, èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé dírágónì Ọ̀gá bọ́ sínú òfin tuntun. Ọ̀gá ò lè gbọ́ pé a ń fọwọ́ kan dírágónì wọn kí wọ́n má wá wo ohun tí a ń ṣe sí i." Télọ̀ ní òótọ́ ni, pé bí wọ́n bá sọ fún òun pé ẹnì kan ń tú aṣọ tí òun rán, ìbáà jẹ́ pé òun wà lórí ibùsùn àìsàn, òun á dìde. Wọ́n bá yí ojú sí mi. Ní Oniru ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ya àwòrán ilé, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ti ń fi rúlà ṣiṣẹ́ á mọ ìṣirò.

Ìyàwó mi ló yọ́ mú ìwé tí Bọ̀ọ̀dá mi kọ dírágónì wọn sí fún mi, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, tí ojú ewé rẹ̀ ti pupa. Gbogbo ìsinmi ọ̀sán lọ́fíìsì ni mo fi ń kà á. Ẹ wò ó, iṣẹ́ kékeré kọ́. Òfin àtijọ́ àti ti tuntun kì í sọ èdè kan náà. Nínú ti àtijọ́, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da dáìsì wò bóyá o bá dírágónì lójú oorun. O tún gbọ́dọ̀ dà á wò bóyá ó lè sọ̀rọ̀. O lè nà án títí tó fi máa túúbá, tó sì máa sìn ọ́. Gbogbo ìyẹn, òfin tuntun ti gbá a dànù. Ó wá fún dírágónì ní nǹkan míì: ó lè ta ìrù nígbà tí kò kàn án, ó sì lè kọ̀ kí oògùn ràn án. Mo kọ èyí, mo pa ìyẹn rẹ́, mo rọra so wọ́n pọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ooru. Nínú òfin àtijọ́, iye ẹ̀mí tó bá kù lára dírágónì, tí a máa ń fi nọ́ńbà kà, ni agbára ooru rẹ̀. Bí o bá ṣe ń ṣá a ni ooru rẹ̀ ń dínkù, tó bá fi máa ku díẹ̀ kó kú, kò ju kí ó fẹ́ ọ lójú lọ. Nínú òfin tuntun, kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru á pé títí dé ìparí; ìbáà ku ẹ̀mí ẹyọ kan lára rẹ̀, bó ṣe gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa gbóná. Mo fi báírò pupa kọ èyí, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ní tí Bọ̀ọ̀dá mi bá rí i, inú wọn á dùn.

Ibi ọjọ́ orí ni mo ti kọsẹ̀. Òfin àtijọ́ ní ìpele ọjọ́ orí mẹ́jọ fún dírágónì, láti orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin títí dé arúgbó kùjọ́kùjọ́. Mẹ́rin péré ni òfin tuntun ní. Bọ̀ọ̀dá mi kọ ìpele kẹrin síwájú tiwọn, kedere. Tí a bá gbé ìyẹn bọ́ sínú òfin tuntun, "ọ̀dọ́" ni. Mo gbé báírò láti kọ "ọ̀dọ́", ọwọ́ mi ò lọ. Ṣé èmi ni kí n pe ohun tó ti wà látìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá ní ọ̀dọ́? Ohun tí à ń kí kí a tó bá a jà? Mo pe télọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀dọ́ kẹ̀? Dírágónì ẹ̀gbọ́n? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ o." Mo pe ẹnjiníà. Ó ní ká má ṣèèṣì ṣàfojúdi. Báyìí la ṣe fìmọ̀ ṣọ̀kan, àgbàlagbà mẹ́ta, a gbé e sí ìpele tó ga jù pátápátá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó kọ́kọ́ ka iye tó wà ní ìpele náà dáadáa. Ọ̀wọ̀ la ń fún un, a ò ṣírò.

Nígbà tó di Sátidé tí a dá, ìyàwó mi, tó ti sọ ohun tí à ń ṣe sí dírágónì fún wọn, gbé Bọ̀ọ̀dá mi wá ní nǹkan bí aago méjì. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé wọn ò ní pẹ́, kí ó lọ sọ́jà kí ó sì padà wá gbé wọn. Mo ti fi àga wọn sílẹ̀ fún wọn nídìí tábìlì. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lọ jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná, wọ́n tẹ fóònù, wọ́n nà án sí mi: "Mo kàn wá wò ni." Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ẹnjiníà náà dọ̀bálẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi kàn mi orí sí wọn. Ó dùn mí wọ egungun.

Èmi ni mo wá jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí tábìlì. Télọ̀ ní tafàtafà kan, ẹnjiníà ní jagunjagun alápata, mo sì ní kí télọ̀ bá mi mú obìnrin oníwòsàn mi dání. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dé Badore, wọ́n kí dírágónì bó ti yẹ. Mo fi ohùn tèmi tí kò níláárí dá wọn lóhùn. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Dírágónì ló kọ́kọ́ kàn. Ó tu ooru. Mo wo ìwé láti mọ iye dáìsì tí mo máa dà, mo kó gbogbo dáìsì mi, kò tó. Mo yá ti ẹnjiníà, kò tó. Mo ní kí télọ̀ mú tirẹ̀ wá.

Tafàtafà kú lójú ẹsẹ̀. Ó ku ẹ̀mí díẹ̀ lára jagunjagun, dírágónì ta ìrù nígbà tí kò tilẹ̀ kàn án, jagunjagun náà kú. Ó wá ku obìnrin mi, tó ti ń la ogun já láti ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dà á, mo kà á, mo tún un kà. Òun náà kú. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Télọ̀ ṣí fìlà, ó gbé e ka orúnkún.

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè tí mo rí i pé èjìká Bọ̀ọ̀dá mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ọ̀fun ni. Mo sáré gbé omi lọ bá wọn. Wọ́n fọwọ́ ti omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, tí kò ní ohùn, omijé sì ń bọ́ lójú wọn.

"Ta ló sọ fún yín pé arúgbó ni?" Ohùn náà rèé, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti oṣù mélòó kan. Kò rinlẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, tiyín ni. A ò lè kọ ọ̀dọ́ sí i."

"Èmi fúnra mi kọ ọ̀dọ́ sí i."

"Ó ti pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n," télọ̀ dá sí i. "Kò bójú mu."

Wọ́n ní kí n gbé ìwé wá. Wọ́n dìde, wọ́n wá bá wa nídìí tábìlì, wọ́n ṣí ojú ewé dírágónì, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Mo rí i pé bébà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ márùn-ún síbẹ̀ rí, wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ti kọ mẹ́fà, wọ́n pa á rẹ́. Ní òfin àtijọ́, dírágónì máa ń gòkè ní ọjọ́ orí bí ọdún bá ń lọ nínú ìtàn, ó sì yẹ kí tiwa ti gòkè tipẹ́tipẹ́.

"O rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ tu ooru sí ẹ?" wọ́n bi mí. Wọ́n dúró, wọ́n gbé itọ́ mì. "O sunkún wọ abẹ́ tábìlì. Mo ní tí mo bá jẹ́ kí ó dàgbà, á pa ọ́, o ò sì ní ṣe mọ́. Mo bá dá a dúró. Mo ń dá a dúró dè ọ́ ni."

Inú kọ́kọ́ bí mi ná. Gbogbo ìṣẹ́gun mi láti kékeré, tí mo ń fi yangàn fún ẹnjiníà àti télọ̀, àánú ni wọ́n ń ṣe mí? Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde. Mo wo ojú wọn, mo wo ibi tí wọ́n pa rẹ́ léraléra yẹn. Kò sí ẹni tó tíì fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sọ ọ́. Mo ṣe bíi pé mò ń wá dáìsì nílẹ̀.

Nígbà tí mo gbórí sókè, Bọ̀ọ̀dá mi ti fa ìwé tí mo kọ sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń fi báírò mi ṣe é. Wọ́n kọ "ọ̀dọ́" síwájú ọjọ́ orí. Wọ́n dín ẹ̀mí rẹ̀ kù, wọ́n ní kí ó máa dúró títí á fi kàn án kó tó ta ìrù. Wọ́n dé ibi tí mo fi báírò pupa kọ.

"Kí lèyí?"

"Ooru ẹ̀ kì í dínkù mọ́ nínú òfin tuntun," mo ní. "Bó ti wù kí wọ́n ṣá a tó, pípé ló máa pé. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

"Irọ́ ni," wọ́n ní. "Ohun tí wọ́n ti ṣá, tó wá ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹni tó ń bá a jà ò ní mọ ibi tí òun bá a dé. Òun náà ò ní mọ̀." Wọ́n fa báírò kọjá lórí ìlà pupa mi. "Jẹ́ kí ó dínkù. Tó bá dínkù, á fi ọgbọ́n kún un."

Ẹnjiníà ní, "Ọ̀gá, ta ló máa wá darí ẹ̀ báyìí? Àǹtí ò lè ṣe gbogbo èyí tí ẹ kọ yìí o."

Òótọ́ ni, mi ò lè ṣe é, inú mi sì dùn pé mi ò lè ṣe é. Mo dìde lórí àga olórí tábìlì, mo lọ jókòó síbi tèmi. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó sórí àga náà pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Wọ́n ní a kú dáadáa ná, kí á gbà pé àlá ni ti àkọ́kọ́, kí á tún padà wọ ọkọ̀ ojú omi.

A padà lọ sí Badore. A kí dírágónì. Ó dá wa lóhùn, ẹ̀rù sì bà mí gan-an, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ohùn ńlá yẹn, mi ò rò ó rí pé ohun tó ń gbé inú omi jíjìn lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí. A ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Télọ̀ sún àga rẹ̀ mọ́ wọn, ẹnjiníà tí kì í ṣíwọ́ oorun sún tirẹ̀, èmi náà sún tèmi, tó fi jẹ́ pé orí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, télọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá ìjà dúró, ó lọ kírun ní bákónì. Bọ̀ọ̀dá mi di dáìsì mú títí ó fi dé.

A ṣá a lẹ́ẹ̀kan, a ṣá a lẹ́ẹ̀mejì. Ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí ìdajì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀ láàárín ìjà, ó ń bi jagunjagun léèrè ẹni tó rán an, ó ń sọ fún obìnrin mi pé òun náà ní ọgbẹ́, ṣé kò ní wo ti òun. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo mú ewé lọ́wọ́ kan, idà lọ́wọ́ kan, mo sì da dáìsì mi. Ó bọ́ sí mélòó? Mi ò tilẹ̀ lè rántí mọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn wọlé, tòun ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó ti fi fóònù pè wá títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó wo àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wo ìdí tábìlì.

"Dádì, ṣé ká máa lọ?"

Bọ̀ọ̀dá mi ò gbójú sókè. Wọ́n ń mi dáìsì nínú àtẹ́lẹwọ́.

"Jókòó ná," wọ́n ní. "Èmi ló kàn."